Emil àti ẹgbẹ́ rẹ̀: ṣé ká ka ìtàn ọmọdé tó ń tọ olè lẹ́yìn fún ọmọ Ìbàdàn?

Alápò Ìwé, Òkè-Àdó

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo rí ìwé àlòkù kan rà ní Dùgbẹ̀, Emil and the Detectives, tí Erich Kästner ará Jámánì kọ ní 1929. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì ni. Mo fẹ́ kà á fún àwọn ọmọ tó máa ń péjọ sọ́dọ̀ mi ní Sátidé, ṣùgbọ́n òbí kan ti ní kí n má ṣí i rárá, pé ìtàn ọmọdé tó ń tọ olè lẹ́yìn kì í ṣe ohun tí à ń kà fún ọmọ ní ìlú yìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Fún ẹni tí kò bá tíì kà á: Emil Tischbein àti ìyá rẹ̀ ń gbé ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Neustadt. Bàbá rẹ̀ ti kú. Irun ni ìyá yìí ń fọ̀ fún àwọn obìnrin nínú ilé, ibẹ̀ ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Ó tu owó jọ, 140 máàkì (owó Jámánì nígbà náà), ó fi rán ọmọ náà sí ìyá àgbà ní Berlin: 120 jẹ́ ti ìyá àgbà, 20 tó kù wà fún ìnáwó Emil. Nínú rélùwéè, ọkùnrin kan tó dé fìlà dúdú líle, tó pe ara rẹ̀ ní Grundeis, ń bá a tàkúrọ̀sọ. Emil ti fi píìnì gún owó náà mọ́ inú àpò kóòtù rẹ̀. Oorun gbé e lọ. Nígbà tó máa fi jí, kò rí ọkùnrin náà, kò sì rí owó.

Kò ké sí ọlọ́pàá. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fojú sí. Ó ń bẹ̀rù ọlọ́pàá ju olè lọ, nítorí pé kó tó kúrò nílé, ó ti fi ọ̀dà kun ère olóyè ńlá kan tó wà láàárín ìlú wọn: ó sọ imú ère náà di pupa, ó ya irunmú dúdú sí i. Ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé Jeschke, ọlọ́pàá ìlú wọn, dá òun mọ̀. Bí ó ṣe bọ́ sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibùdó tirẹ̀ nìyẹn, tó ń tọ olè lẹ́yìn nínú ìlú tí kò mọ ẹnì kan.

Lójú tèmi, Grundeis kọ́ ni ewu inú ìwé yìí. Ewu ibẹ̀ ni pé ọmọ náà kò rí àgbàlagbà tó lè sọ òtítọ́ fún. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Bódìjà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yìn òbí yẹn ni mo wà.

Ẹ rántí Ṣóókà, ibùba àwọn gbọ́mọgbọ́mọ, ní oṣù kẹta ọdún 2014. Ìyẹn kì í ṣe ìtàn àròsọ. Nínú Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti bá àwọn èèyàn tí ìyà ti jẹ títí wọ́n fi gbẹ, tí wọ́n bá egungun àti aṣọ àwọn tí kò sí mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ sí àwọn ọmọ mi létí: má gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ̀, má tẹ̀ lé e lọ síbì kankan, bí ọkàn rẹ kò bá balẹ̀, sáré wálé.

Ìwé yìí tú gbogbo rẹ̀ ká. Grundeis fún Emil ní ṣokoléètì, ó gbà á, ó jẹ ẹ́. Ó tẹ̀ lé olè náà kiri ìgboro Berlin. Ìyá àgbà àti ọmọ àǹtí rẹ̀ ń dúró dè é ní ibùdó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ta òdodo, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ó gbayì, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó bá kà á, kí ló máa rí mú níbẹ̀? Pé bí o bá lé olè, o di akọni. Ẹ̀gbọ́n, olè tibí kì í sá fún ọmọdé.

Adìgún Bẹẹrẹ

Ìyá wa, mo kí yín. Ẹ jẹ́ kí n fi kún ọ̀rọ̀ Ṣóókà tí ẹ mẹ́nu bà. Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ìgbà náà, àwọn ọlọ́kadà tó ń wá ẹlẹgbẹ́ wọn tó sọnù ni wọ́n kọ́kọ́ já ibẹ̀. Bí wọ́n bá ti ká ọwọ́ gbera ni, ibẹ̀ ì bá ṣì wà bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀ sí i. Mi ò ní kí ọmọdé lọ wá irú ibẹ̀ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ní ẹgbẹ́ tó ń wá a, ó ní nǹkan.

Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù nínú ìwé yìí ni ọ̀nà tí àwọn ọmọ náà gbà mú olè. Gbogbo wa la ti gbọ́ ariwo "olè! olè!" rí, ní Bẹẹrẹ, ní Ògúnpa, níbikíbi. Kí ẹni tí wọ́n ń nàka sí tó la ẹnu, igi ti bà á, òkúta ti bà á, ẹlòmíràn ti sáré lọ wá táyà àti bẹntiróòlù. Wọ́n ti pa aláìṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó lè jí i padà.

Nínú ìwé yìí, nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ọmọ tó tó ọgọ́rùn-ún ló yí Grundeis ká. Wọn kò lù ú. Wọ́n kàn ń bá a rìn ni, níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún, lósì. Ó yá ẹsẹ̀, wọ́n yá ẹsẹ̀. Ó dúró, wọ́n dúró. Títí ara rẹ̀ kò fi gbà á mọ́, tó yà wọ inú báńkì láti lọ ṣẹ́ owó náà.

Báńkì yẹn ni ọkàn ìwé náà lójú tèmi. Olè ní owó òun ni. Wọ́n wá bi Emil pé kí ló fi mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Ó ní ọgọ́rùn-ún máàkì ẹyọ kan ni, pẹ̀lú ogún máàkì ẹyọ méjì, àti pé kí wọ́n wo ara owó náà, píìnì ti lu ú. Akọ̀wé báńkì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ihò wà lára rẹ̀. Ó parí! Ọmọ tó bá ka ibẹ̀ yẹn kó yé e dáadáa, lọ́jọ́ tó bá gbọ́ "olè!" ní ẹ̀bá títì, ìbéèrè ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn: kí lẹ fi mọ̀?

Ọmọ Rélùwéè, Mọ́níyà

Ọ̀rọ̀ ojú irin kò gbọdọ̀ kọjá mi o.

1901 ni rélùwéè àtijọ́ dé Ìbàdàn láti Èkó. Tuntun tó dúró sí Mọ́níyà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021, kìlómítà 157 ni wọ́n kà á sí. Nínú ti tuntun yìí, ìjókòó tò lọ gbalaja, ẹni tó wà lẹ́yìn ń rí orí ẹni tó wà níwájú, òṣìṣẹ́ ń lọ, ó ń bọ̀. Ti Emil kò rí bẹ́ẹ̀. Yàrá kéékèèké ni wọ́n pín in sí, ìjókòó méjì kọjú síra, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Ẹ wo bí Kästner ṣe ṣe é: kò sọ fún wa pé ẹ̀rù ń bọ̀. Èèyàn kàn ń bọ́ sílẹ̀ ní ibùdó kọ̀ọ̀kan ni, yàrá náà ń ṣófo díẹ̀díẹ̀, títí ó fi ku ọmọ àti ọkùnrin onífìlà. Oorun sì ń kun ọmọ. Mo ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo tún un kà, síbẹ̀ àyà mi ń já.

Nínú orí tó gbẹ̀yìn, ìkejìdínlógún, àwọn ẹbí náà bi ara wọn bóyá ẹ̀kọ́ kan wà nínú gbogbo rẹ̀. Emil ní kí èèyàn má fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọmọdé dá rìnrìn àjò. Ìyá àgbà ta ko àwọn méjèèjì, ó ní ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé pósítọ́ọ́fíìsì ni kí wọ́n máa gbà fi owó ránṣẹ́. Ìyá àgbà ni mo gbè lẹ́yìn! Lónìí tí a lè fi fóònù san owó sí àkáǹtì ìyá wa láti orí ìjókòó wa, kí ló dé tí a ṣì ń di owó mọ́ ọmọ lára, tí à ń rán an la ọjà kọjá?

Tíṣà Àgbà

Mo kí gbogbo yín. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, mo sì ti ka ìwé yìí fún ọ̀pọ̀ ọmọ.

Ìyá Bódìjà, ẹ̀rù tó ń bà yín tọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ ọkàn yín lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi tún àwọn ọmọ Berlin yẹn wò. Gustav ló kọ́kọ́ pàdé Emil, òun ni ọmọ tó máa ń fọn fèrè mọ́tò kiri àdúgbò. Ó lọ kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ọmọ kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ yìí sọ fún Emil pé òun ti ṣe ìlérí fún bàbá òun: ohun tí òun kò bá lè ṣe lójú rẹ̀, òun kò ní ṣe é lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí ìlérí yẹn ni bàbá náà fi gbà á láyè láti jáde. Ẹ ò rí i pé àgbàlagbà wà nínú ìwé náà, bí a kò tilẹ̀ rí i lójú títì.

Àwọn ọmọ náà dá owó jọ, wọ́n ka iye tó wà lọ́wọ́, wọ́n pín iṣẹ́. Wọ́n fi lẹ́tà rán ọmọ kan sí ìyá àgbà Emil kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń dá ara wọn mọ̀. Àbúrò kan wà nínú wọn, Dienstag, Túsìdeè ni orúkọ yẹn lédè wọn. Wọ́n ní kó jókòó ti tẹlifóònù ilé wọn, kó má kúrò níbẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá ní ìròyìn máa pè é. Ó wu Dienstag láti wà níbi tí nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò dìde. Nígbà tí wọ́n ń yọ̀ lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òun ni ìyá àgbà yìn lójú gbogbo wọn.

Ní kíláàsì, mo máa ń bi àwọn ọmọ pé ta ló fẹ́ jẹ́ Gustav. Gbogbo ọwọ́ á lọ sókè. N ó wá ní kí wọ́n sọ fún mi ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní Dienstag fi ìdí tẹlifóònù sílẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Bí mo bá tún ń kọ́ni lónìí, mo ì bá fi nọ́ńbà 112 tí à ń pè nígbà pàjáwìrì há wọn lórí lọ́jọ́ yẹn gan-an.

Àbẹ̀kẹ́ Òǹkàwé, Sàngó

Mo fẹ́ràn ìwé náà, àmọ́ n ó sọ ohun tó ń dùn mí. Pony Hütchen, ọmọ àǹtí Emil, ló gbọ́n jù nínú wọn lẹ́nu. Kẹ̀kẹ́ ló gùn wá bá àwọn ọmọkùnrin náà. Kí ni wọ́n fi ṣe? Ó gbé oúnjẹ òwúrọ̀ wá fún wọn, ó sì lọ sílé lọ sùn ní alẹ́ nígbà tí àwọn yòókù ń ṣọ́ hòtẹ́ẹ̀lì tí Grundeis wọ̀ sí. Bí ẹ bá ń kà á fún àwọn ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí wọn ì bá fún un. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ nínú ẹgbẹ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn!

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́ bí ẹni pé àwa kò ní irú rẹ̀. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí fún wa ní Làpàdé nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Àgbàlagbà ni Làpàdé, ọlọ́pàá ni tẹ́lẹ̀ rí, ó lè bá ọ̀daràn wọ̀yá ìjà. Tí a bá fẹ́ ti ọmọdé, Chinua Achebe kọ Chike and the River ní 1966. Chike fẹ́ sọdá odò láti Oníṣà dé Àsàbà, ilẹ̀ ṣú bá a ní òdìkejì, ó sì kó sí ààrin àwọn olè. Ẹ wo ohun tó jọra: òun náà kúrò níbi tó yẹ kó wà láìsọ fún àwọn àgbà, ìdí sì nìyẹn tó fi dá wà lóru. Achebe fi hàn pé olùṣọ́ òru tó yẹ kó dáàbò bo ilé ìtajà náà mọ̀ nípa olè jíjà ọ̀hún. Ìyẹn burú ju Grundeis lọ. Grundeis jẹ́ àjèjì. Olùṣọ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n ní kí ọmọ sá tọ̀.

Alápò Ìwé, Òkè-Àdó

Àbẹ̀kẹ́, o ṣeun. Ọ̀rọ̀ olùṣọ́ yẹn gan-an ló mú mi padà sí ohun tí mo ń sọ.

Ìyá Bódìjà, ẹ ní ẹ ti kọ́ wọn pé kí wọ́n sáré wálé. Ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ọmọ tó mọ̀ pé pàṣán ń dúró de òun nílé kò ní sáré wálé. Ọmọ tí wọ́n fún lówó kó lọ ra gààrí, tí owó náà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú èrò ọjà Òjé, ẹ wo ojú rẹ̀ bó ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì. Kò mọ ibi tí yóò lọ. Ẹni tó bá wá bá a ní ìṣẹ́jú yẹn pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, tó ní "má sunkún, tẹ̀ lé mi, n ó fún ẹ lówó mìíràn", ó ti rí i mú. Irú ìṣẹ́jú yẹn ni àwọn gbọ́mọgbọ́mọ ń wá kiri. Àwa ni a ń fi ìbínú wa pèsè rẹ̀ fún wọn.

Emil fẹ́ràn ìyá rẹ̀ gidigidi, ìyá náà kì í ṣe òǹrorò. Síbẹ̀, ọ̀ràn kékeré bíi ti ère yẹn tó láti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ tún wo ìgbà tó wọ ọkọ̀ ìgboro níbi tó ti ń tọ Grundeis lẹ́yìn. Kò lówó tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní wọ́n jí owó òun, wọn kò gbà á gbọ́. Ọkùnrin kan tó ń ka ìwé ìròyìn ló san án fún un, láìfi ìbéèrè dà á láàmú. Nígbà tó yá, a wá mọ̀ pé oníròyìn ni ọkùnrin náà, Kästner sì ni orúkọ rẹ̀: òǹkọ̀wé fi ara rẹ̀ sínú ìtàn gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà tó ran ọmọ lọ́wọ́.

Gustav náà ńkọ́? Emil sọ fún un pé òun kò lè lọ bá ọlọ́pàá nítorí ohun kan tí òun ṣe nílé. Gustav ní ó ti yé òun. Kò bá a wí. Ọmọdé sọ fún ọmọdé ohun tí kò lè sọ fún àgbà. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí àwọn òbí wà níbẹ̀ nígbà tí a bá ń kà á nìyẹn, kí wọ́n má fi àwọn ọmọ nìkan sílẹ̀ fún mi.

Ìyá Bódìjà

Ọ̀rọ̀ pàṣán yẹn wọ̀ mí lára, ẹ̀gbọ́n. N kò ní ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àmọ́ ohun méjì ṣì kù. Àkọ́kọ́ ni ṣokoléètì. Ẹ dúró níbẹ̀ dáadáa, ẹ má kà á kọjá fìrì. Ìkejì ni owó ẹ̀bùn. Wọ́n wá rí i pé Grundeis ti ja báńkì kan lólè ní Hannover, wọ́n sì fún Emil ní 1000 máàkì. Owó ńlá nìyẹn fún ilé tí ìyá ti ń fọ irun jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí kí ọmọ máa rò pé ewu ń sanwó.

Tíṣà Àgbà

Ìyá Bódìjà, ìyẹn yẹ ká yẹ̀ wò. Èsì mi nìyí: àwọn ọmọ náà kò mọ nǹkan kan nípa Hannover nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. 140 máàkì tí ìyá kan ṣiṣẹ́ fún ni wọ́n ń wá. Àwọn ọlọ́pàá ló tú àṣírí ìyókù, torí pé orúkọ tí ọkùnrin náà sọ fún Emil, èyí tó sọ ní hòtẹ́ẹ̀lì, àti èyí tó sọ ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí owó ẹ̀bùn sì dé, ohun tó wá sí Emil lọ́kàn ni ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ìyá rẹ̀ yóò fi máa gbẹ irun àwọn oníbàárà, àti kóòtù òtútù fún un. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ sọ ohun tí wọn ì bá ra. Ẹ máa gbọ́ ohun tó wà nínú ilé wọn nígbà náà.

Ọmọ Rélùwéè, Mọ́níyà

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún 1933, àwọn Násì, ìyẹn ẹgbẹ́ Hitler, jó ìwé ní gbangba ní Berlin. Ìwé Kästner wà nínú èyí tí wọ́n sọ sínú iná, òun fúnra rẹ̀ sì dúró láàárín èrò tó ń wò ó. Wọ́n yọ Emil sílẹ̀ nígbà yẹn, torí pé àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Walter Trier tó ya àwòrán inú rẹ̀, ọmọ Júù ni, ó ní láti sá kúrò ní Jámánì. Nígbà tí mo bá wo àwòrán àwọn ọmọ tó ń sáré kiri Berlin nínú ìwé náà, mo máa ń ronú pé ọdún mẹ́rin péré ló kù kí ìlú yẹn yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Alápò Ìwé, Òkè-Àdó

Ẹ ṣeun gan-an. Bí n ó ṣe ṣe é rèé. N ó kà á dé ibi tí Emil ti jí, tí kò rí owó, n ó sì pa ìwé náà dé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ẹni tí òun ì bá lọ sọ fún sílẹ̀, àti ohun tó lè mú kí òun má lè sọ ọ́. Àwọn òbí yóò jókòó tì wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní dá wọn lóhùn lọ́jọ́ náà. Sátidé tó tẹ̀ lé e la máa bọ́ sí ìgboro Berlin.

Adìgún Bẹẹrẹ

Ẹ bá mi pe àwọn bàbá wọn wá fún orí báńkì yẹn. Àwọn ló yẹ kó gbọ́ ọ jù.

Ìyá Bódìjà

Mo ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n, èmi àti àbíkẹ́yìn mi. Ẹ sọ iye ọmọ tó ń wá fún mi, kí n lè ra ìwé àkọsílẹ̀ àti bírò tó máa kárí.